Ìlà Wa Kì Í Ta Aṣọ Ẹ̀bẹ̀ Mọ́

Bí ẹ bá dé ọjà Arzèkè, ẹ má wulẹ̀ béèrè Àràmọ́tù. Kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ìyá Kàsìmáwò ni kí ẹ béèrè, wọ́n á sì nawọ́ sí obìnrin kúkurú kan ní ìlà àwọn aláṣọ, tó ń jẹ obì, tó sì ń bá ẹnì kan jà. Bí kì í bá ṣe oníbàárà, á jẹ́ alábàárù tó gbé ẹrù kọlu tábìlì rẹ̀. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, èmi ló máa kọjú sí.

Èmi ni Adépéjú. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ni mò ń tà, níwájú rẹ̀ gan-an, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọkọ mi ló mú mi wá sí Parakou níbí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ìyá Kàsìmáwò ní tirẹ̀, àdúgbò Zongo ni wọ́n bí i sí, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ. Bàbá ìyá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó síbí láyé àtijọ́. Síbẹ̀, bí inú bá bí i, á ní, "Ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbé òwú rẹ kúrò lọ́nà mi," bí ẹni pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Obìnrin náà dáa, ẹnu rẹ̀ ló mú.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba ìsọ̀. Kàsìmáwò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó, ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n ní ta ni yóò máa bọ́ ọ, ó ní aṣọ ni. Aṣọ náà ló sì bọ́ ọ lóòótọ́. Ó bọ́ Kàsìmáwò pẹ̀lú, ọmọ náà ti di olùkọ́ báyìí, ó sì ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ta aṣọ ní ìlà wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí o bá dúró níwájú ìsọ̀, kí a tó sọ iye fún ọ, a óò bi ọ́ pé, "Aṣọ kí ni?" Bí o bá ní aṣọ ìkómọ ni, a óò ká a kí ojú rẹ̀ kọ síta, kí gbogbo ayé rí i. Bí o bá ní aṣọ ẹ̀bẹ̀ ni, a óò yí ojú rẹ̀ sínú, aláṣọ fúnra rẹ̀ yóò sì fi òwú funfun dì í. Ọkùnrin tó ṣẹ ìyàwó rẹ̀, tí ìyàwó sì ti bínú lọ sílé bàbá rẹ̀, òun ló ń ra aṣọ ẹ̀bẹ̀. Láàárín àwọn ìdílé oníṣòwò tí mo mọ̀ níbí, ọkùnrin kì í fi ọwọ́ lásán lọ bẹ àna rẹ̀. Òwú funfun yẹn ni ẹ̀rí pé tuntun ni aṣọ náà, pé ọkọ ò ṣí àpótí ìyàwó kó fa ògbólógbòó yọ níbẹ̀. Bí bàbá ìyàwó bá ti já òwú náà, ẹ̀bẹ̀ ti wọlé nìyẹn, obìnrin gbọ́dọ̀ padà sílé ọkọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọwọ́ mi ni gbogbo ìlà ti ń ra òwú náà, ó sì ń tà dáadáa. Ẹ tún gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní òwú ẹ̀bẹ̀ ń tà dáadáa. Kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo àwa obìnrin tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé àwọn èèyàn wọ̀nyí. Àwọn ọkùnrin á dé, wọ́n á tẹríba, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ bá mi yan èyí tó rẹwà," a óò sì máa yìn wọ́n pé wọ́n mọ ìyàwó í tọ́jú. Bí mo bá rántí, ojú máa ń tì mí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Sàlmànù, tó ń ta páàtì alùpùpù ní Zongo. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tó mọ èèyàn í kí. Ìyá Kàsìmáwò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Rùqáyyàh ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Àlhájì Àbdùlmàjíìdì tó ń ta ìrẹsì ní àdúgbò Banikanni. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan, Sìkírátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún Iléyá, Rùqáyyàh wá sí ìlà wa. Ó fi ìborùn bo ẹnu àti imú. Ọwọ́ òsì ló fi gbé ìdì kan dání, nítorí wọ́n ti fi báńdéèjì so ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Màmá, mo kó aṣọ yín wá fún yín."

Ìyá Kàsìmáwò ní òun kì í gba aṣọ padà, àfi èyí tó bá lábùkù.

"Wọn ò lábùkù, Màmá. Mi ò tiẹ̀ rán wọn rí."

Ó tú ìdì náà sórí tábìlì. Ànkàrá ni, ọ̀kan lórí èkejì, tuntun, ojú wọn ṣì wà nínú. Òwú funfun tí wọ́n já ṣì rọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ìyá Kàsìmáwò mọ gbogbo wọn, ta ni ì bá tún mọ̀ wọ́n bí kò ṣe òun tó yàn wọ́n. Rùqáyyàh fi ìka kan èyí tó wà lókè, tó ní àwòrán ẹyẹ.

"Èyí ni ti eyín," ó wí. Ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, a rí àlàfo tó wà níwájú ẹnu rẹ̀. Ó gbé ẹyẹ kúrò, ó kan èyí tó tẹ̀ lé e. "Èyí ni ti etí. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn ní ìhà ibẹ̀ mọ́. Èyí ni ti oyún tó wálẹ̀."

Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ yí padà. Ó dé orí èyí tó kẹ́yìn, aṣọ pupa kan.

"Èyí, ti Sìkírátù ni. Bàbá rẹ̀ fi bẹ́líìtì nà án torí pé ọmọ náà dúró síwájú mi. Ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí ni kò tíì ní aṣọ tirẹ̀. Ó ń bọ̀ wá rà á lọ́dọ̀ yín."

Mo wo Ìyá Kàsìmáwò. Ó tu obì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó wá ní, "Péjú, èmi ni mo di gbogbo ìwọ̀nyí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá Kàsìmáwò. Òwú tèmi sì ni."

Rùqáyyàh ní òun àti Sìkírátù ti sá lọ sílé bàbá òun. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti sọ fún bàbá náà pé orí alùpùpù ló ti ṣubú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ irọ́ kan tàbí òmíràn fún un, ìyàwó bàbá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í kó ọ̀rọ̀ yàrá lọ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. "Ẹ mọ Bàbá. Bí wọ́n bá ti rí òwú funfun, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tà á fún un. Bí mo bá padà síbẹ̀, mi ò ní jáde láàyè."

Ọjọ́ yẹn gan-an la mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ irú èyí. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹmí, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òfin wà, pé ọkùnrin náà yóò dé iwájú adájọ́. Ó wá wo èmi àti Ìyá Kàsìmáwò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di Rùqáyyàh mú. Bí obìnrin bá ti padà sílé ọkọ kí a tó ránṣẹ́ pe ọkọ, kì í pẹ́ tó fi ń wá sọ pé òun ti dárí jì í. Mo ti rí i kó sú mi." Ìyá Kàsìmáwò ní Rùqáyyàh kò ní padà. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó padà dé ọjà, kò jókòó. Ó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má di òwú fún Sàlmànù, kódà kí ẹnikẹ́ni má di òwú fún ọkùnrin kankan mọ́. Wọ́n gbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn kan gbà tomijé tomijé, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìkírámátù ló kan ògiri.

Ìkírámátù ló ní ìsọ̀ tó tóbi jù ní ìlà wa. Ó ti pẹ́ tí òun àti Ìyá Kàsìmáwò kò ti rẹ́, nítorí tapólì kan tó máa ń da omi òjò sórí ọjà ara wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó lù ú ni? Bí mi ò bá tà á, ẹlòmíràn á tà á fún un. Ọjà ni mo wá tà níbí, mi ò wá ṣe kọ̀mísáríà."

"Mi ò ní kí o ṣe ọlọ́pàá. Òwú ni mo ní kí o má dì."

Ìkírámátù pòṣé, ó kọjú sí oníbàárà rẹ̀. Kò gbà, kò sì kọ̀. Mo ní obìnrin yìí ló máa tà wá.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, Sàlmànù dé nínú jàlàbíà funfun báláú. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Kàsìmáwò. Ìyá bi í pé aṣọ kí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí, ó ní, "Aṣọ ẹ̀bẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ṣáà mọ àwa ọkùnrin."

"Mi ò tà á."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìná-ọjà ni. Ó ní kí wọ́n sọ iyekíye, òun á san án. Ìyá Kàsìmáwò ń gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀. Sàlmànù bọ́ sí ìsọ̀ kejì, wọ́n bi í, ó sọ ọ́, wọ́n ní àwọn ò tà. Ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, bákan náà. Nígbà tó fi dé àárín ìlà, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn alábàárù ti gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń wòran.

Ó kù Ìkírámátù. Sàlmànù ti gbọ́n, kò dúró kí wọ́n bi í léèrè. Ó ní, "Màmá, aṣọ ìkómọ ni mo fẹ́. Àbúrò mi bímọ."

"Kú oríire," Ìkírámátù dáhùn. Ó na aṣọ kan tó rẹwà, ó gba owó, ó gé e. Ó ká a kí ojú rẹ̀ kọ síta, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Mo wo Ìyá Kàsìmáwò, ojú rẹ̀ ti pọ́n kankan. Aṣọ ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin náà, Rùqáyyàh ti padà, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.

Sàlmànù gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó wo aṣọ náà. Ó yíjú padà, ó tẹ ohùn mọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí ojú rẹ̀ sínú. Kí ẹ sì fi òwú funfun dì í fún mi."

Ìkírámátù na ọwọ́, ó fa aṣọ náà gbà. "Ta ló ń di òwú mọ́ aṣọ ìkómọ?" ó bi í. Ìkírámátù ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó owó rẹ̀ fún un, ó dìde dúró lórí àpótí tó fi ń jókòó, òun tó tóbi tó yẹn, ó sì pariwo kí ìpẹ̀kun ìlà lè gbọ́: "Ìyá Kàsìmáwò, ìlà wa kì í ta aṣọ ẹ̀bẹ̀ mọ́."

Mo tú jáde láti inú ìsọ̀ mi, mo ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Sàlmànù wá kọjú sí èmi náà, ó ní, "Tantí, ó kéré tán, ẹ ta òwú fún mi." Mo ní òwú ti tán. Òwú wà níwájú mi lórí tábìlì, funfun gbòò, èmi àti òun jọ ń wò ó.

Ṣé ẹ rò pé ó lọ jókòó sílé? Nígbà tí àwa obìnrin fi dé Banikanni láti lọ bá bàbá Rùqáyyàh lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó ti jókòó ní pálọ̀ Àlhájì. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kiri lójú títì ló ti ra aṣọ, ó sì fi okùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dì í. Gíríìsì wà lára okùn náà. Àlhájì Àbdùlmàjíìdì gbé e lé orí itan, ó ń yí i padà. Bàbá náà kì í fi àṣà ṣeré.

"Ta ló dì í?" ó béèrè.

"Aláṣọ ni, Bàbá."

Ìyá Kàsìmáwò ti ẹnu ọ̀nà dáhùn pé, "Aláṣọ wo? Gbogbo wa rèé."

Ó wọlé, a tẹ̀ lé e, Ìkírámátù náà wà níbẹ̀. Ó gbé ìdì aṣọ Rùqáyyàh kalẹ̀ níwájú Àlhájì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ já òwú gbogbo ìwọ̀nyí, èmi ni mo dì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ ohun tí a jọ dì, tí a jọ já." Rùqáyyàh jókòó sílẹ̀, ó ń tẹ́ aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín. Etí. Oyún. Kí ó tó kan èyí tó pupa, Sìkírátù ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Tèmi nìyí, Bàbá àgbà," ọmọ náà wí.

Àlhájì bojú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lójú, omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bi Rùqáyyàh pé, "Oyún náà kì í ṣe pé o ṣubú?" Rùqáyyàh ní, "Mi ò ṣubú rí, Bàbá." Àlhájì dìde fúnra rẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn aṣọ náà. Ó kó wọn lé Sàlmànù lọ́wọ́, ó gbé èyí tí gíríìsì kàn lé wọn lórí.

"Kó aṣọ rẹ," ó wí. "Mo ti fi ọmọ mi san gbèsè aṣọ wọ̀nyí tó. Ọmọ mi kò ní padà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá náà ló mú ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú Ọmọ́yẹmí. Sàlmànù dé iwájú adájọ́, wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ tó dáa jù lọ nínú aṣọ mi.

Ìyá Kàsìmáwò wá di ẹni tí wọ́n ń pè kiri. Àwọn oníbàtà ránṣẹ́ sí i kí ó wá ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, àwọn obìnrin Banikanni pè é kí ó wá bá àwọn ọmọbìnrin wọn sọ̀rọ̀. Rédíò pè é, ó bá olóòtú jà lórí afẹ́fẹ́ torí pé olóòtú ní kí ó gé ọ̀rọ̀ kúrú. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù nílé mọ̀ pé bí àwọn bá dé ìlà wa, ẹnì kan á tẹ̀ lé àwọn lọ bá Ọmọ́yẹmí. Ìyá Kàsìmáwò àti Ìkírámátù ṣì ń jà lórí tapólì. Òwú funfun mi kò sì tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Rùqáyyàh ti ní tábìlì tirẹ̀ báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ Ìyá Kàsìmáwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀. Rùqáyyàh bi í pé aṣọ kí ni. Ọkùnrin náà ní aṣọ ìyàwó òun ni. Gbogbo ìlà gbórí sókè. Ó rí ojú wa, ó sì yára ní, "Mi ò ṣe é ní nǹkan kan o. Ó kàn wù mí kí n ra aṣọ fún un ni."

Ìkírámátù ní kí ó pe ìyàwó náà lórí fóònù, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó pè é, ó sì gbé fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin náà ní, "Ẹ tètè tà á fún un kó tó yí ọkàn padà. Láti inú ààwẹ̀ ló ti ń ṣèlérí."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Rùqáyyàh náà rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là gbayawu, àlàfo eyín rẹ̀ hàn, kò fi ọwọ́ bò ó. Ó gé aṣọ náà, ó ká a kí ojú rẹ̀ kọ síta, ó gbé e fún ọkùnrin náà. Kò dì í.